Àgbo Tí Kò Korò Mọ́

Ọ̀sán gangan ni Ẹlẹ́rìn-ín kú. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé inú ń run òun. Ojú rẹ̀ ti funfun, oúnjẹ ò wù ú jẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún wo ni inú kì í run nígbà ooru? Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, ó ń ṣa bọ́tìnì sínú agolo, àfi bí gìrì ṣe gbé e ṣánlẹ̀. Bọ́tìnì fọ́n ká ilẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ìyá rẹ̀ tó sáré dé láti ìdí kànga, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyálé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n télọ̀, ló gbé ọmọ náà wọlé. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó pa ojú rẹ̀ dé, ó sì rí i pé àmì àgbo tó gbẹ ṣì wà létè rẹ̀. Òun ló bu àgbo náà fún un láàárọ̀. Ọmọ náà gbé e mu tán, ó tún na ife padà pé kí wọ́n bu sí i. Ìyálé fi etí ìró rẹ̀ nu ètè náà kí ẹlòmíràn tó rí i. Kò sẹ́ni tó bi í ìdí tó fi nù ún, òun náà ò sì bi ara rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí ọ̀rọ̀ ti ń jà ràn-ìn lábúlé. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àfi tó bá ń jẹun, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyẹlé Káfíńtà méjì ló kú sẹ́yìn fèrèsé ìyá arúgbó yẹn níjẹta. Lẹ́yìn fèrèsé ẹ̀ gan-an! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Àwọn ẹyẹlé mi ò ké o," Káfíńtà ní.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa ké? Wọ́n ti kú."

Ilé tí wọ́n ń sọ yìí ò tóbi. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló wà níwájú, lẹ́bàá títì. Àtíbàbà Alátùn-únṣe, ọkọ Ìyálé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń lẹ ìkòkò, garawa àti páànù tó bá ń jò. Àgbàlá wà láàárín, ilé ìdáná wà lápá òsì. Wọ́n kọ́ ọ ga, àtẹ̀gùn márùn-ún lèèyàn máa gùn kó tó wọ̀ ọ́. Yàrá Màmá wà lẹ́yìn pátápátá. Màmá ló bí Alátùn-únṣe àti télọ̀. Eékún rẹ̀ ti le, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti gun àtẹ̀gùn ilé ìdáná kẹ́yìn.

Èèyàn méje ni wọ́n kí Ẹlẹ́rìn-ín tó kú, mẹ́fà nínú wọn ni ara wọn ò sì dá láti ooru ọdún tó kọjá. Ìyá ọmọ tó kú, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó, oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ lè lo ọjọ́ márùn-ún láì yàgbẹ́, inú á máa lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyálé bí, tó mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀ bí ẹni mumi, kì í rántí ohun tí tíṣà kọ́ ọ lánàá mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Alátùn-únṣe ti rọ. Bó bá nà án síwájú, àtẹ́lẹwọ́ á sọ̀ kalẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa, kò sì lè gbé òòlù. Ìyálé fúnra rẹ̀, orí fífọ́ kì í jẹ́ kó sùn.

Màmá nìkan ni ara rẹ̀ le. Ó ń jẹ, oúnjẹ ń dà, ó ń sùn, ó ń hanrun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú tó kí arúgbó máa ta kébé nínú ilé aláìsàn.

"Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani," Ìyá Oníbúrẹ́dì tún fi kún un, ó sì lọ ta búrẹ́dì rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Màmá ni alágbo ilé náà. Bí ooru bá ti gbòde, tí ilẹ̀ ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀, tí oúnjẹ ń dúró síni láyà, Màmá á já ewé kíkorò, á sá a sí ibòji. Kì í sá a sóòrùn, torí ó ní oòrùn a máa jí agbára ewé gbé. Ìyálé ló ń sè é. Wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á jẹ́ kó sùn fọ́jọ́ mẹ́ta, kálukú á wá máa mu ife kan láàárọ̀ kó tó fi nǹkan kan ẹnu. Kíkorò rẹ̀ ń dé ìdí ahọ́n. Àwọn ọmọdé a máa sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n inú gbogbo wọn á dá ṣáká títí òjò á fi padà dé.

Lọ́sẹ̀ tí Ìyálé dé ilé ọkọ, Màmá mú un lọ síwájú ìkòkò amọ̀ ńlá kan nílé ìdáná.

"Ìyàwó mi, ìyá mi ló fún mi ní ìkòkò yìí. Àgbo tí ọsàn bá ti wọ̀, inú amọ̀ nìkan ló ń gbé. O ò gbọdọ̀ dà á sínú nǹkan mìíràn."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Èmi náà bi ìyá mi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n yéé bi òun léèrè, kí n lọ fọ ìkòkò."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ooru ọdún tó kọjá, ìkòkò náà bọ́ lọ́wọ́ Ìyálé lórí àtẹ̀gùn, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ká ní ó ké sí Màmá lójú ẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sí èébú ọjọ́ kan àti ẹ̀dùn ọkàn ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó kó àfọ́kù náà jọ, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé Màmá, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀. Ó wá mú garawa kan tó ń jò lọ bá ọkọ rẹ̀, ó ní omi ìfọṣọ lòun fẹ́ fi pọn. Alátùn-únṣe yọ́ òjé tó tú lára bátìrì mọ́tò àtijọ́, ó dà á sínú garawa náà, ó yí i káàkiri títí gbogbo inú rẹ̀ fi bò. Garawa ń dán bí owó tuntun. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni Ìyálé gbé e sí, ibẹ̀ ló sì ń da àgbo gbogbo ilé sí. Ti Màmá nìkan ló ń dá sè sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tó wà nínú yàrá rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ahọ́n arúgbó yẹn kì í gbàgbé nǹkan.

Lọ́jọ́ kẹta tó bu àgbo inú garawa tọ́ wò, ẹnu yà á. Àgbo náà ò korò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Adùn díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó fi ìrèké kan omi. Àwọn ọmọdé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n bu sí i.

"Ọwọ́ rẹ mà dùn o, Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́," Alátùn-únṣe ní. "Kí lo fi sí i?"

"Ẹ máa mu ún, ẹ yéé bi mí," Ìyálé dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín nínú ilé yẹn, ìyìn náà sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Inú rírun, àgbo ni. Ife kan di méjì, méjì di mẹ́ta.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àgbo náà, ibi tó rì àfọ́kù sí ló ń dà á sí, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà jọ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́. Horo ọsàn wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹyẹlé sì fẹ́ràn horo.

Lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n sin Ẹlẹ́rìn-ín, ní ìrọ̀lẹ́, Ìyàwó fa Ìyálé lọ́wọ́.

"Ìyálé mi, ẹ wá fi ojú ara yín rí i."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sẹ́yìn ilé, Ìyálé ló ṣíwájú. Oòrùn ń wọ̀, ilẹ̀ sì pọ́n. Ẹyẹ mẹ́rin dúró sábẹ́ fèrèsé Màmá, ìyẹ́ wọn sọ̀ kalẹ̀, wọn ò fò, wọn ò jẹ, wọ́n kàn dúró bí ẹni tí wọ́n pè sípàdé. Màmá yọ orí síta, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ máa lọ sílé," Màmá ń wí. "Ẹ máa lọ." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú síbí mọ́. Wọ́n á ní èmi ni."

Ìyàwó wà lẹ́yìn, kò gbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó di apá Ìyálé mú.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń tú ìpàdé ká! Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé!"

Ìyálé gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ọ̀rọ̀ náà wá sẹ́nu rẹ̀ láti sọ, ó sì gbé e mì. Bó bá tú ọ̀rọ̀ ẹyẹ, ó máa tú ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, bó bá tú ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó kan ìkòkò. "Jẹ́ ká wọlé," ló sọ. Nígbà yẹn, ó ṣì rò pé ìkòkò tó fọ́ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìjà bẹ́. Màmá jáde wá jókòó sí àgbàlá, ó ń ṣa ewé rẹ̀, Ìyàwó sì lọ dúró sí iwájú rẹ̀.

"Màmá, ọmọ mi dà?"

"Ọmọ mi, Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló—"

"Ẹ má pe Ọlọ́run sí i! Gbogbo wa ń kú lọ, ẹ̀yin ń sanra! Kí lẹ̀ ń bá ẹyẹ sọ nírọ̀lẹ́ àná?"

Màmá wo télọ̀, ọmọ rẹ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ń retí kó bá ìyàwó rẹ̀ wí. Télọ̀ wo ilẹ̀.

"Màmá," ó ní, "wọ́n ní ká pe Aríran. Bí ọwọ́ yín bá mọ́, ó máa sọ. Bí kò bá mọ́, ẹ ò lè sùn lábúlé yìí lọ́jọ́ náà."

"Níbo lo fẹ́ kí n gbé eékún yìí lọ?" Màmá béèrè. Wọ́n dá ọjọ́ mẹ́jọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ náà pé ni Nọ́ọ̀sì wá láti ilé ìwòsàn láti wo ọwọ́ Alátùn-únṣe. Obìnrin kúkúrú ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó na ọwọ́ ọkùnrin náà síwájú, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kó ya ẹnu, ó wo ìdí eyín rẹ̀ pẹ́.

"Ẹ̀ ń yọ́ òjé, àbí? Ẹ wo ìlà dúdú yìí ní ìdí eyín yín. Òjé ti wọ ara yín. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀." Ó wo yíká ilé náà. "Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn ò yọ́ òjé. Ṣé ẹ ní ohun èlò olójé kan tí ẹ fi ń jẹun tàbí tí ẹ fi ń mu nǹkan? Pàápàá nǹkan tó kan. Nǹkan kíkan máa ń yọ òjé jáde. Adùn ló sì máa ń mú wá, èèyàn ò ní mọ̀ pé ìpalára lòun ń mu."

Alátùn-únṣe yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Garawa tí mo bá ọ ṣe ńkọ́?"

"Omi ìfọṣọ ló wà nínú ẹ̀," Ìyálé ní. "Inú amọ̀ la ń gbé àgbo sí. Láti ayébáyé."

Ó sọ ọ́ láì kólòlò. Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì lọ, ó pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ yàrá, ó gbé ètè ọmọ náà sókè pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ìlà náà wà níbẹ̀, tín-ín-rín, ó dúdú bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà. Ìyálé jókòó sílẹ̀. Ife tí Ẹlẹ́rìn-ín nà padà ló ń rí. Ó rí ọwọ́ kékeré náà, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó gba ife, tó bu sí i, tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé ọmọ fẹ́ràn ohun tí òun sè. Òun ló pa á. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe Màmá. Òun ni, ó sì ti fi etí ìró nu àmì rẹ̀ nù.

Ṣé kó lọ bá Ìyàwó? Ìyàwó tó ń ká aṣọ ọmọ sábẹ́ orí sùn? Kò lè ṣe é. Ó sọ fún gbogbo ilé pé àgbo ti tán. Ó gbé garawa pẹ̀lú ìyókù tó wà nínú rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ìdáná, ó fẹ́ lọ dà á nù síbi tó jìn tí ojú bá dá. Bí àgbo bá tán, àìsàn á tán, bí àìsàn bá tán, wọ́n á gbàgbé ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ibi tí Màmá máa sùn lọ́jọ́ kẹjọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, èèyàn kún àgbàlá. Aríran jẹ́ ọkùnrin tínínrín kan tó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé. Ó bọ́jú nínú abọ́ omi, ó dijú, ó sì ń mí sókè mí sódò.

"Obìnrin ni," ó ní. "Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń bu ikú fún ilé yìí. Ilé yìí ló ń gbé. Mo sì rí amọ̀ nínú ilẹ̀, lábẹ́ fèrèsé."

Bóyá ó rí i ni o, bóyá Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ti sọ fún un pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ta ló mọ̀? Káfíńtà gbé ọkọ́, ó walẹ̀. Kò wà á jinlẹ̀ tí ọkọ́ fi kan nǹkan. Ó kó àfọ́kù amọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n síwájú àwọn èèyàn.

"Ìkòkò àjẹ́!" Ìyá Oníbúrẹ́dì ké. "Mo sọ bí? Mo sọ bí?"

Màmá tẹ̀ síwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbé ara ró, ó mú àfọ́kù kan. Ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà mẹ́ta tó wà létí rẹ̀, bí ẹni tó ń tọ ilà ojú èèyàn rẹ̀ tó ti kú.

"Ìkòkò ìyá mi," ó ní, jẹ́jẹ́.

Ó gbé ojú sókè, ó wo Ìyálé. Ìyálé mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó ń retí kí arúgbó náà na ìka sí òun, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ, kí nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n Màmá gbé ojú kúrò.

"Ta ló rì í síbẹ̀?" Aríran béèrè.

"Ó fọ́ ni," Màmá ní. "Nǹkan máa ń fọ́ nínú ilé."

"Àìdáhùn náà dáhùn ni. Ẹ jẹ́ kó mu àgbo tó fi ń tọ́jú ilé yìí, níwájú gbogbo wa. Bí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

"Àgbo ti tán," Ìyálé yára wí.

Télọ̀ ti wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ká igi kúrò. Ó gbé garawa jáde, ó gbé e kalẹ̀ láàárín àgbàlá, òjé inú rẹ̀ sì ń dán nínú oòrùn.

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ ní ó ti tán. Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó."

Alátùn-únṣe rí garawa náà. Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀. Télọ̀ bu ife kan, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀.

Màmá tọ́ ọ wò. Gbogbo èèyàn ń wo ojú rẹ̀, ojú náà ò sì rún. Ó yí ahọ́n ká inú ẹnu, ahọ́n tó ti mọ ewé yẹn láti àádọ́rin ọdún. Ó wo inú garawa. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń sọ̀ dòò. Ó wo Ìyálé, àti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fara ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ọmọ tí kò ní ẹlòmíràn tó máa fọ aṣọ rẹ̀ bí wọ́n bá lé ìyá rẹ̀ lọ.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" Aríran ní.

"Àgbo mi ni," Màmá dáhùn. Ó sì gbé ife sókè láti mu ún tán.

Ìyálé ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra. Ó gbá ife náà bọ́ lọ́wọ́ arúgbó, ife fò, ó kọ lu ògiri. Ó kúnlẹ̀ sínú àgbo tó dà sílẹ̀.

"Ẹ má mu ún, Màmá! Ẹ má mu ún! Èmi ni. Èmi ni mo fọ́ ìkòkò. Èmi ni mo rì í. Inú òjé ni mo ń da àgbo sí láti ọdún tó kọjá, ẹ ti sọ fún mi, ẹ ní inú amọ̀ nìkan, mi ò gbọ́. Nọ́ọ̀sì bi mí, mo parọ́ fún un. Òjé ló pa ẹyẹ. Òjé ló wà nínú ọwọ́ ọkọ mi." Ó yíjú sí Ìyàwó, kò sì lè gbé orí sókè. "Ó na ife padà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọ ẹ na ife padà, mo sì bu sí i."

Ìyàwó rìn lọ sí ìdí garawa. Gbogbo èèyàn rò pé ó fẹ́ gbé e lu Ìyálé mọ́lẹ̀ ni, Ìyálé náà rò bẹ́ẹ̀, kò sì yẹra. Ìyàwó ti ìka kan bọ inú àgbo, ó fi sẹ́nu.

"Ó dùn," ó ní.

Ìgbà yẹn ló wá sunkún, irú ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ. Màmá ló lọ dì í mú.

Aríran gbé àpótí rẹ̀. Ó ní òun kúkú ti sọ pé obìnrin ni, ó sì ku owó iṣẹ́ òun. Káfíńtà fi ọkọ́ hàn án, Aríran sì rántí pé òun ní ibòmíràn láti lọ.

Àwọn ọkùnrin lu garawa náà pẹlẹbẹ, wọ́n rì í síbi tó jìn sí kànga àti sí ẹyẹ. Nọ́ọ̀sì padà wá, ó gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, ó fún wọn ní oògùn, ó sì sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún Ìyálé tí a ò ní tún sọ níbí. Ọwọ́ Alátùn-únṣe padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Iṣẹ́ okùn àti apẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe báyìí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún ti ń rántí ìṣirò díẹ̀díẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì mẹ́ta wá bẹ Màmá. Màmá dúpẹ́, ó rún un fún àwọn ẹyẹlé. Wọn ò lé Ìyálé lọ. Màmá ló ní wọn ò ní lé e. "Ẹ fẹ́ lé èmi náà lọ," ó ní, "mo sì mọ bó ṣe ń rí."

Ìyàwó ò bá Ìyálé sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà, wọ́n jọ ń dáná. Bí Ìyálé bá kúnlẹ̀ kí i, á kọjá. Ìyálé gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ikú tó wọlé láti ọwọ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè bẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí ooru tún padà, Màmá ra ìkòkò amọ̀ tuntun, ó já ewé, wọ́n sè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé pé sí àgbàlá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ife. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn, ojú sì ń ti gbogbo wọn láti sọ ọ́. Ìyàwó ló bu ife kan, ó gbé e lọ síwájú Ìyálé.

"Ìyálé mi," ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ náà. "Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ mu ún. Lójoojúmọ́. Bí ojú yín ò bá rún, ẹnikẹ́ni ò ní mu ún nílé yìí mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di òfin ilé wọn. Láràárọ̀, Ìyálé á dúró láàárín àgbàlá, gbogbo wọn á máa wo ojú rẹ̀, á gbé ife kan mì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kíkorò náà gba ahọ́n rẹ̀, ó gba ọ̀fun, ó sì mú omi jáde lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀.

"Mọ́mì, ṣé ó korò?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ béèrè.

"Ó korò, ọmọ mi. Ó korò gan-an."

Ìyàwó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gba ife òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu tirẹ̀ sínú ife kan náà, ó sì mu ún.